Èèpo Ọta Nínú Ṣẹ́ẹ̀dì Mísítà Kẹ́n

Bàbá mi kì í jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ohun ọdẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ara mi kò tíì yí padà, èmi ló máa ń pè pé kí n wá bá òun ṣa èèpo ọta. Idẹ ni wọ́n. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀, mo máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tó ṣì dára, mo máa ń tò ó sórí ẹní fún un, á tún rọ ẹ̀tù sí i, á tún gbé e lọ sí igbó. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe máa ń tutù ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Lọ́jọ́ tí ìyá mi sọ fún un pé mo ti di obìnrin, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ó tó. Lọ bá ìyá rẹ nídìí iná." Láti ọjọ́ náà, n kò wọ yàrá yẹn mọ́ títí ilẹ̀ fi gba bàbá mi.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ṣáájú ni kí ẹ lè mọ bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo tún rí èèpo ọta onídẹ, tí mo ti ní ọmọ ọmọ, ní Dagenham, nínú ṣẹ́ẹ̀dì òyìnbó kan.

Ọmọ mi Bùnmi ló ní kí n wá. Nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Wọn kò rí ẹni tí yóò máa mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ní Goresbrook la ń gbé, níbi tí ilé bíríkì ti jọra wọn bí ìbejì láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé, mò ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn wọn, mo sì ń bínú sí kọ́kọ́rọ́.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé n kò ní rí ẹni kí. Nílé, kí n tó gbálẹ̀ tán láàárọ̀, ẹnu mi á ti gbóná: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ewu ọ̀nà. Níhìn-ín, mo dúró níwájú ilé, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnu mi kú tipiri bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó pẹ́.

Mo rí iṣẹ́ kékeré kan. Mo ń nu ilẹ̀ ilé ìtajà kan ní Barking kí wọ́n tó ṣí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́ ìlú: ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ilé ńlá tí wọ́n ń wó báyìí, igi tó tẹ̀ báyìí, kí n sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dá nìkan lọ sí ọjà East Street, tí mo ra iṣu, tí mo sì padà wálé láìpe Bùnmi lórí fóònù, mo gbé iṣu náà lé orí tábìlì bí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Kò sẹ́nì kankan nílé. Mo kí ara mi kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Mísítà Kẹ́n kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá arúgbó tó ń gbé ní ilé kejì ni. Aládùúrà ni wá, a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sútánà. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ilẹ̀ sì ti funfun fún òtútù. Bàbá náà yọrí lókè ọgbà.

"Màmá, ṣé wọ́n jí bàtà yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Bùnmi túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ní kó sọ fún un pé wọn kì í wọ bàtà níbi tí Ọlọ́run wà.

"Ó dáa," ó dáhùn, "ṣùgbọ́n ibi tí ẹ wà yìí, Dagenham ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé inú ilé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró irin nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́yìn ilé, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ la máa ń kí bẹ́ẹ̀. Ó ní wọn kò ní irú ìyẹn lédè tiwọn, kí lòun máa wá dáhùn? Mo kọ́ ọ: "Ẹ ṣé." Ó ní kí n máa pe òun ní Kẹ́n. Bàbá tí irun rẹ̀ funfun bí òwú? Mo fi Mísítà síwájú rẹ̀, n kò sì yọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un, ó ṣí ṣẹ́ẹ̀dì náà fún mi. Èèpo ọta onídẹ ló kún inú báàkẹ́tì kan lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ ń pa?" mo bi í léèrè.

"Bébà."

"Bébà? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

Ó wò mí, ó wo mọ́ínmọ́ín ọwọ́ rẹ̀. "Kò dùn tó èyí."

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń lọ yìnbọn sí bébà tí wọ́n gbé kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Ọsirélíà. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀rù ba Bùnmi nígbà tó gbọ́. "Mọ́mì, ìbọn kẹ̀? Ní ìlú yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá mi o!" Mísítà Kẹ́n wá sílé fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó ṣàlàyé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù irin ni ìbọn rẹ̀ wà, ẹ̀tù náà wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, ọlọ́pàá mọ̀, wọ́n sì máa ń wá wò ó. Èèpo lásán tí kò ní nǹkan nínú kò ní òfin kankan lórí. Èèpo náà nìkan ni mo fọwọ́ kàn rí.

Ẹ̀rọ kan wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì náà tó fi ń sọ èèpo di ọta padà; ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Àwo ńlá kan wà lókè rẹ̀ tó ń yí. Ẹ ó da èèpo sínú àwo, á máa tò wọ́n, á máa sọ wọ́n sínú páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí wọn nísàlẹ̀, ẹnu wọn lókè. Nísàlẹ̀ páìpù náà, irin kékeré kan á ti èyí tó kàn sórí pẹpẹ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ọ́ di ọta padà. Ọwọ́ irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí Mísítà Kẹ́n bá fà á, èèpo kan á wọlé. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ìró tí mò ń gbọ́ lókè ọgbà nìyẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìka rẹ̀ kò sì mọ nǹkan dáadáa mọ́. Ó máa ń fọ èèpo wọ̀nyí kó tó dà wọ́n sínú ẹ̀rọ, omi sì ń pa á lára. Mo ní kó gbé wọn wá. Mo wẹ̀ wọ́n bí ẹni wẹ ọmọ tuntun, mo nù wọ́n, mo fi òrí díẹ̀ pa wọ́n. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a bá ti wẹ̀, ṣebí a máa ń fi nǹkan pa á lára. Mo sì ń rí bàbá mi lójú inú, pẹ̀lú àkísà olóròóró lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dán, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ mi nínú ilé ìdáná. Mísítà Kẹ́n ní wọn kò dán báyìí rí. Inú mi dùn. N kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹbí mi láti ìgbà tí mo dé.

Ìgbà òtútù wọlé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Èèpo á dúró láàárín páìpù, kò ní í bọ́. Òmíràn á bọ́ lójijì, á dojú bolẹ̀. Òmíràn á dé etí pẹpẹ, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọwọ́ irin á tẹ ẹnu rẹ̀. Mísítà Kẹ́n kì í fi agbára mú ẹ̀rọ. Bó bá ti há, á dúró. Kò jẹ́ kí ẹ̀tù sún mọ́ ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ó da gbogbo èèpo jáde, ó ń wá bóyá ìwọ̀n mìíràn ti wọ àárín wọn. Kò sí. Ó fi àkísà fa inú páìpù. Ó tún irin kékeré náà dè. Ó dẹ àwo lọ́wọ́ kó máa yí jẹ́jẹ́. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá yọ díẹ̀, tó sì ti tan iná gbígbóná sínú ṣẹ́ẹ̀dì, á lọ geere. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, á há.

Mo dúró tì í láàárọ̀ ọjọ́ tó dẹ́kun wíwá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ ẹlòmíràn.

"Ẹ̀rọ kọ́, Màmá. Ọwọ́ mi ni. Bí òtútù bá mú, wọ́n á gbọ̀n, bí wọ́n bá gbọ̀n, ẹ̀rọ á há. Mò ń já a gbà ni, mi ò fà á bó ṣe yẹ mọ́."

"Ọwọ́ yín kò burú tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ mọ́, kò yẹ kó máa mú ìbọn." Ó ní òun ti pe ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn pé kó wá kó ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Sátidé. Òun yóò sì dá ìwé àṣẹ ìbọn padà fún ọlọ́pàá. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni sọ pé òjò máa rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Inú ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló kù tí èèyàn ti ń pè mí ní Kẹ́n."

Mo padà sílé, n kò lè jẹun. Èmi náà mọ bó ṣe ń rí lára bí wọ́n bá ní kí èèyàn dìde nídìí ohun tó fẹ́ràn. Ó tó. Lọ bá ìyá rẹ. Ti èmi, bàbá mi ló sọ ọ́, àṣà ló sì gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti Mísítà Kẹ́n, páìpù tó há ló ń sọ ọ́ fún un, ó sì ti gbà á gbọ́. Ẹni tó dàgbà ní ìlú àjèjì, tàbí ẹni tí ìlú rẹ̀ di àjèjì mọ́ ọn lójú, ohun tó bá sọ fún un pé kò wúlò mọ́, kíákíá ló máa ń gbà fún un. Èmi náà ń gbà fún fóònù tí mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀, fún kọ́kọ́rọ́, fún àwọn ọmọ ọmọ mi tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Abúlé wa lẹ́bàá Ọ̀dẹ́dá ló wà. Òun ni ìbọn bàbá wa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ta nìyẹn? Ṣé òyìnbó ni àbí èèyàn?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Hẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Bùnmi! Mo ti rò pé yìnyín ti gbé ọ mì."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ọta?"

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti di ìyá àgbà. Èèwọ̀ yẹn kò mú mi mọ́."

"Lóòótọ́, kò mú ọ mọ́." Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Ó kù kí o gbé ìbọn kọ́ èjìká ní London. Báwo lo ṣe tọ́jú èèpo náà?"

"Mo wẹ̀ wọ́n, mo fi òrí pa wọ́n, bíi ti Bàbá."

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá wa ńkọ́."

"Ìwọ ọmọdébìnrin yìí! Ìbọn ni Bàbá ń fi òróró pa. Èèpo ọta kẹ̀? Eérú ló fi ń fọ ìyẹn, á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kanrankanran. Ṣé ìwọ kọ́ lò ń bá a sá a ni?"

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Níbo ni wọ́n ti ń yọ̀?"

"Nínú ilé ìdáná."

"Òrí tí kò yọ́ nídìí iná, òrí wo nìyẹn? Ibi tí bàbá yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ó gbóná?"

Ike òrí mi wà lójú fèrèsé. Mo tẹ ìka bọ̀ ọ́. Ó ti le bí àbẹ́là.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti òrí. Ó dùn mí pé mo ti gbé àkísà bàbá mi kúrò lórí ìbọn, mo gbé e lé orí èèpo ọta, mi ò sì mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo rò pé bí ilé ṣe rí gan-an ni mo gbé e wá. Mo gbàgbé eérú. Mo gbàgbé oòrùn, èmi tí mo jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n máa ń ní ẹni tó ru òrí kì í dúró lóòrùn. Wọn kò sọ fún wa bí ẹrù náà yóò ṣe rí níbi tí oòrùn kò sí.

N kò dúró de Bùnmi. Mo wọ bàtà, mo kan ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì. Mísítà Kẹ́n ń kó irinṣẹ́ sínú páálí. Mo mú èèpo kan, mo fi èékánná ha á lára. Nǹkan funfun kún abẹ́ èékánná mi.

Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀. Mo ní, "Ìpara mi ni. Òtútù mú un, ó le."

Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ imú, ó fi ètè kàn án nítorí pé ìka rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kò wo ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò.

"Màmá. Ṣé ẹ fi ìpara pa ọta mi lára ni?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi jókòó lórí báàkẹ́tì. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ náà ni mo rí ìdí tí èèyàn fi lè wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀ fún un.

Nígbà tó yí padà, ó ní, "Ó lè jẹ́ òrí. Ó ṣì lè jẹ́ ọwọ́ mi."

"A ó mọ̀," mo ní.

A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo wọn, a fọ inú páìpù, a fọ àwo. Mo tẹ́ wọn sórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, mo ń yí wọn bí ẹni sá èlùbọ́ títí wọ́n fi gbẹ. N kò fi ohunkóhun pa wọ́n. Ọwọ́ mi ń wá ike òrí fúnra rẹ̀, mo sì ń fà á padà.

Òtútù gidi mú lọ́jọ́ Sátidé. Mísítà Kẹ́n kò tan iná sínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní bí òun bá máa mọ̀, àfi kí òun mọ̀ nínú òtútù. Ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn dé, ó sanra, ó gbé àpò irinṣẹ́ dání láti fi tú ẹ̀rọ.

"Kẹ́n, ọ̀rẹ́ mi, ṣé ó ti yá?"

"Má tíì tú u."

Ó da èèpo sínú àwo. Ó tẹ bọ́tìnnì. Àwo ń yí. Ó di ọwọ́ irin mú, gbogbo wa sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fà á. Kọ́. Ó tún fà á. Kọ́. Èèpo ń bọ̀ nínú páìpù bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo di etí aṣọ mi mú. Ó ń fà á, ọwọ́ ń gbọ̀n, èèpo ń wọlé, àwo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ó dúró.

Ọwọ́ irin kò tíì dé ìsàlẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe. Mísítà Kẹ́n dá ọwọ́ irin padà jẹ́jẹ́, ó ti ìka bọ abẹ́ páìpù, ó sì yọ èèpo kan jáde. Ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, tí èmi kò yọ sọ́tọ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú wa. "Ọwọ́ mi gbọ́ ọ kó tó dé ibẹ̀."

Ọkùnrin tó sanra náà wo èèpo, ó wo Mísítà Kẹ́n lójú, ó sì ti sípánà rẹ̀ padà sínú àpò. "Ó dáa, ẹ fún mi ní tíì, kí n máa bá tèmi lọ."

Lẹ́yìn tó lọ, mo padà gbé ike òrí wá. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí ó fi yọ́, mo ní kó fi pa ọwọ́ ara rẹ̀, torí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti sán. Ó fi ra ọwọ́ méjèèjì pẹ̀lú sùúrù. "Ibi tó yẹ kó wà nìyí," mo ní. Ó ní ó ń rùn. Kò sì dá ike náà padà.

Ó yìnbọn la ìgbà òtútù yẹn já, ó yìn ín títí ẹ̀ẹ̀rùn fi kọjá. Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó pè mí sí ẹ̀bá ọgbà. Ó ní èèpo kan há lánàá, ọwọ́ òun kò sì gbọ́ ọ. Òun ti yẹ gbogbo nǹkan wò, páìpù mọ́, èèpo mọ́, kò sí òrí. Ọwọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Òun ti pe ọkùnrin yẹn. Kò bojú wo ògiri nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n kó ẹ̀rọ náà lọ, ó sì bá wọn di ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mú dé ẹnu ọ̀nà. Bùnmi ní ojú mi kò fà ro bó ṣe yẹ. Mo ní kò yé e ni. Ẹ̀rọ kò lé bàbá yẹn. Òun ló dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sẹ́yìn ilé, n kò gbọ́ ìró kankan. Ó jókòó sórí àga níwájú ṣẹ́ẹ̀dì òfìfo, ó ká ọwọ́ sórí itan. Ẹnu mi ti là láti kí i bí mo ṣe máa ń kí i. Mo pa á dé. A kì í kí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ pé ó kú iṣẹ́, ẹ̀sín ni. Mo wá kíkí tó bá ìjókòó rẹ̀ mu nínú ara mi, mo sì rí i. Ó wà níbẹ̀, kò gbàgbé mi, n kò gbàgbé rẹ̀.

"Kẹ́n," mo ní. "Ẹ kú ìjókòó o."

Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

"Ẹ ṣé," ó ní.